Fóònù Ń Sọ̀rọ̀, Ṣùgbọ́n Lẹ́tà Ni Ó Fi Ń Ka Owó

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin ẹnu àwọn oníṣòwò ní ọjà Arzèkè ní ìlú Parakou. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà fún ìyá aláta tàbí fún bàbá oníṣu, èsì tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé: "Fóònù mi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ń bá a sọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi ìwé ṣe?" Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín kò tíì dúró pẹ́ ní ọjà náà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ́ àgbà ní ìwé kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó wá fi ibi tí òótọ́ náà parí sí hàn.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí fóònù alágbèéká di ohun gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000, olówó àti ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni ó ń mú un lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn fóònù kékeré olówó pọ́ọ́kú dé. Ọ̀kan nínú wọn ni Nokia 1100, tí ó jáde ní ọdún 2003, tí wọ́n sì tà ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri ayé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ju iná tọ́ọ̀ṣì tí ó wà lórí rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní alẹ́ nílò iná ju ọgbọ́n lọ. Àwọn fóònù ilẹ̀ Ṣáínà bíi Tecno àti Itel tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àyè káàdì méjì nínú fóònù kan ṣoṣo. Títí di òní, àríyànjiyàn kò tán ní Arzèkè lórí èyí tí ó dára jù. Àwọn àgbà ní fóònù oníbọ́tìnnì ni fóònù, nítorí bátìrì rẹ̀ a máa lo ọjọ́ mélòó kan, bí ó bá sì já bọ́ lọ́wọ́, kì í fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní fóònù ńlá tí wọ́n ń fi ìka rá lójú ni gbogbo ayé wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre.

Ohun tí ó yí ọjà padà ní tòótọ́ ni ohùn tí WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í gbà sílẹ̀ tí ó sì ń fi ránṣẹ́ láti ọdún 2013. Ìyá alálùbọ́sà a di bọ́tìnnì kan mú, a sọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Malanville pé àpò mẹ́ta ni òun ń fẹ́, pé kí àwọn tí ó rà kẹ́yìn má ṣe padà wá, nítorí wọ́n ti ń rà. Kí ó tó ta òṣùwọ̀n méjì, èsì ti dé ní èdè Dẹ́ńdì, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìkíni. Kò kọ lẹ́tà kan. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Fún ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ ọmọ ọlọ́mọ kí ó tó lè fi ìwé ránṣẹ́, òmìnira ńlá ni èyí jẹ́.

Bí àwọn ará ìlú ṣe fẹ́ràn òmìnira yìí tó hàn gbangba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ìjọba pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ń lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn máa san fáránkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Igbe ta káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ ní èdè Faransé, "Taxe pas mes Mo", èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n má ṣe gba owó-orí lórí mẹ́gà àwọn. Oṣù náà kò parí tí ìjọba fi fagi lé owó-orí náà.

Nítorí náà, oníṣòwò tí ó sọ pé fóònù ń sọ̀rọ̀ fún òun kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó wo fóònù náà dáadáa ní àkókò kan ṣoṣo: nígbà tí owó bá wọlé.

Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni MoMo ti bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù yòókù sì ti gbé tiwọn kalẹ̀. Lónìí, oníbàárà lè ra aṣọ ní Arzèkè láì fa owó bébà kankan yọ. Fóònù tí ó kéré jù lọ náà lè gba owó yìí. Bí owó bá sì dé, kò sí ohùn kankan. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó ń dé, lẹ́tà àti òǹkà, ní èdè Faransé lọ́pọ̀ ìgbà. Fóònù tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ a wá yadi lójijì, ní ibi tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tí ó ni ín.

Kí ni ìyá tí kò mọ̀wé ń ṣe nígbà náà? Ó ń wá ojú ẹlòmíràn. Ó ń na fóònù sí ọmọṣẹ́ rẹ̀, tàbí sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn oní-MoMo: "Ọmọ mi, bá ìyá wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Ọmọ náà a wò ó, a ní: "Owó ti wọlé, Ìyá." Ó parí. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì, ọmọ abẹ́ agboòrùn náà ni yóò tẹ gbogbo rẹ̀. Yóò dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, ìyá yóò sì sọ ọ́ sí i létí. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní sọ ọ́ sí i létí. Yóò pe nọ́ńbà náà sókè láàárín ọjà, bí ìgbà tí ó ń pe iye owó ata.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni olóòótọ́, ó sì yẹ kí a sọ ọ́, nítorí àìmọye owó ni ó ti gba ọwọ́ wọn kọjá tí kò dín. Ṣùgbọ́n àṣírí tí ènìyàn mẹ́ta mọ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Ìyá kan náà tí kò ní jẹ́ kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ ibi tí ó ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ sí, òun ni ó ń fi kọ́kọ́rọ́ yìí lé àlejò lọ́wọ́. Bí owó bá sì dín lọ́jọ́ kan, ta ni yóò mú? Ọmọṣẹ́ tí kò mú nǹkan kan yóò jẹ ẹ̀sùn, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́wàá yóò bàjẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ìgbà tí owó náà jáde. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó lè sọ ọ́ wà nínú fóònù náà, kò sì sí ojú tí yóò kà á.

Àwọn gbájúẹ̀, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní gáímánì, mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀nà wọn kò ní idán nínú. Oníbàárà kan á ra ọjà 15 000 fáránkì. Á tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, á ní òun ti san án. Àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọ inú fóònù ìyá ní tòótọ́: gbólóhùn Faransé, 15 000 láàárín rẹ̀. Ìyá rí òǹkà tí ó mọ̀, ó kó ọjà fún un, ọkùnrin náà sì gun zémidjan lọ. Kò sí owó kankan tí ó wọlé. Ọkùnrin náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà láti orí fóònù tirẹ̀. Ọ̀nà kejì jọ ti àkọ́kọ́. Ẹnì kan á pe ìyá pẹ̀lú ohùn ẹkún: "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, mo ṣèèṣì fi 20 000 ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi dá a padà." Àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ ti ṣáájú ìpè náà wọlé. Ìyá oníwà pẹ̀lẹ́ a dá owó padà, owó tirẹ̀ ni ó sì dá padà.

Ojú tí ó mọ ìwé díẹ̀ lè já irọ́ méjèèjì. Èkíní, àtẹ̀jíṣẹ́ tòótọ́ a máa gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sórí, ti irọ́ sì sábà máa ń gbé nọ́ńbà ènìyàn lásán. Ìyàtọ̀ láàárín orúkọ àti nọ́ńbà kò nílò ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́. Ohun kejì lágbára ju ìyẹn lọ: ìṣirò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tòótọ́ a máa sọ iye tí ó kù nínú àpò fóònù. Bí ìyá bá ní 27 500 ní àárọ̀, tí 15 000 sì wọlé, 42 500 ni ó gbọ́dọ̀ rí. Bí ó bá rí òmíràn, kí ó di ọjà rẹ̀ mú. Síbẹ̀, kò sí ohun tí ó dájú tó pé kí ó fúnra rẹ̀ bi ẹ̀rọ ní iye tí ó wà lápò rẹ̀, kí ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ láì sí ojú ẹlòmíràn níbẹ̀, kí ó sì ka èsì, kí ó tó fi ọjà sílẹ̀. Kò sí gbájúẹ̀ tí ó lè kọ irọ́ sí ibẹ̀.

Fún iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́rin péré ni òǹkàwé tuntun ní láti dá mọ̀ lójú. "Reçu" ni owó tí ó wọlé. "Envoyé" ni owó tí ó jáde. "Frais" ni owó tí ilé-iṣẹ́ yọ fún iṣẹ́ rẹ̀. "Solde" ni iye tí ó kù. Ẹni tí ó ti kọ́ lẹ́tà ní èdè Yorùbá ti ní ìdajì wọn lọ́wọ́, nítorí èdè méjèèjì jọ ń lo r, s, l, d àti o. Òǹkà kò sì ní èdè: 5 jẹ́ 5 fún Yorùbá, fún Baatonu, fún Fúlàní àti fún Faransé.

Ó dára kí a tún rántí ohun tí gbogbo ará Arzèkè mọ̀. Láàárín àwọn oníṣòwò tí ó ń sọ Dẹ́ńdì tàbí Haúsá, fáránkì márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń ka owó láti ayé àwọn baba wọn. Ẹni tí ó bá pe ọgọ́rùn-ún lẹ́nu, 500 fáránkì ni ó ń béèrè. Nígbà tí iye owó bá wà lẹ́nu nìkan, àṣìgbọ́ lè ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá tí ó ń ka fáránkì kan kan àti Dẹ́ńdì tí ó ń ka márùn-ún márùn-ún, àgàgà nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú fóònù, 500 ni 500.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìṣòro yìí kò ní pẹ́ tán, pé ẹ̀rọ ti ń kọ́ láti ka ìwé sókè fún ènìyàn. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Láti ìparí ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ èdè Yorùbá sí èdè mìíràn, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà sì ń dára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ro ọjà náà wò. Àtẹ ìyá kan kò ju apá kan lọ sí àtẹ ìyá kejì. Bí ẹ̀rọ bá ké sókè pé owó báyìí ni ó wà lápò ìyá, ta ni kò ní gbọ́? Ohùn láti Malanville pàápàá, tí ó sọ pé àlùbọ́sà yóò gbówó lórí lọ́la, gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká ni ó gbọ́ ọ. Ojú ni ó ń kàwé láìpariwo. Ní ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, ìwé kíkà nìkan ni yàrá tí ìyá lè wọ̀ kí ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024 fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ náà, nọ́ńbà fóònù gbogbo ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní òǹkà mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá: wọ́n fi 01 ṣáájú gbogbo wọn. Fún ẹni tí ó mọ òǹkà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Fún ẹni tí ó ń fi àwòrán tàbí ipò orúkọ nínú fóònù dá oníbàárà rẹ̀ mọ̀, ìdààmú ni, ó sì di dandan kí ó tún na fóònù rẹ̀ sí ẹlòmíràn. Nọ́ńbà tí a fi ọ̀dà kọ sára ìsọ̀ àti èyí tí a kọ sínú ìwé gbèsè, gbogbo wọn ni ó di aláìpé ní òru ọjọ́ kan.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni pé ẹ̀bi oníṣòwò nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, apá kejì rẹ̀ ni ó sì wúwo jù.

Ẹ wo ìyá kan tí ó fi oṣù mélòó kan jókòó ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà lẹ́yìn iṣẹ́ ọjà, tí oorun ń kùn ún, tí ó sì kọ́ láti ka èdè Yorùbá títí ó fi lè ka ojú-ìwé yìí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣí fóònù rẹ̀ láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ owó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Faransé ni ó bá níbẹ̀. Ó mọ ìwé, síbẹ̀ ìwé tí ó mọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a dárúkọ lókè yóò ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹsẹ̀. Rédíò Parakou ń bá àwọn ará Borgou sọ̀rọ̀ ní èdè ìbílẹ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ fóònù ń polówó ara wọn ní èdè ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá oníbàárà. Kí ló dé tí èdè náà fi ń parẹ́ nígbà tí owó bá wọ̀ ọ́? Abala kọkànlá nínú Òfin-ìpilẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ, ó sì pọn ọ́n ní dandan fún Ìjọba láti mú àwọn èdè orílẹ̀-èdè gbèrú. "Ní kíkọ" ni òfin wí.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yóò gbé ìdí kan kalẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lè gba àmì 160, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tí àwọn ará Yúróòpù yàn fún un nìkan ni ó ń gba iye yẹn. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, àyè á dín kù sí àmì 70, àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn á sì di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ á sì lé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ẹ kà á: "Ẹ gba 15 000 F. Ó kù 42 500 F nínú àpò yín." Àmì 43 ni gbólóhùn méjèèjì yẹn pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìdánudúró. Ó ku àyè fún orúkọ ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́. Gígùn ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń kọ ni ìṣòro, kì í ṣe ẹ àti ọ.

Ìdí kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé èdè pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí ilé-iṣẹ́ kan fi gbogbo wọn ránṣẹ́ sí ènìyàn kan. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí M-Pesa ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, oníbàárà lè yan èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Swahili lórí fóònù rẹ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti inú Swahili wá: "pesa" ni owó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò tó ní ọjọ́ tí ènìyàn bá ń forúkọ sílẹ̀: èdè wo ni ẹ fẹ́ kí a máa kọ sí yín? Fún Parakou, Baatonu, Dẹ́ńdì, Yorùbá àti Fúlàní pẹ̀lú Faransé yóò kárí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ń ná Arzèkè.

Àṣẹ irú èyí kò ju ọwọ́ ARCEP lọ, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù àti ilé-ìfìwéránṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Àjọ yìí kan náà ni ó yí nọ́ńbà gbogbo orílẹ̀-èdè padà ní ọdún 2024, gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kan náà. Gbólóhùn mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ohun tí MoMo ń kọ sí ènìyàn: owó wọlé, owó jáde, owó kù, nọ́ńbà àṣírí kò bá a mu, ẹ tún un tẹ̀. Àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó wà ní Parakou nìkan tó láti túmọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ìyá ọjà sì kà wọ́n wò kí wọ́n tó lọ sórí ẹ̀rọ. Ní báyìí ná, kí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù rẹ̀ wá, kí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì di ìwé kíkà ọjọ́ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí tí olùkọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ rí.